Ilé Tí A Kì í Kọ Àdírẹ́sì Rẹ̀

Kò sí pátákó lẹ́nu géètì náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, ògiri ọgbà rẹ̀ ga díẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, kò sì sí ohun kan tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ilé yòókù ládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó mú mi débẹ̀, òṣìṣẹ́ tó wá gbé mi ti ní kí n pa fóònù mi, kí n sì fi í sínú báàgì òun. Mi ò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí òpópónà kankan. Èkó ni ilé náà wà. Ibẹ̀ ni mo máa fi ọ̀rọ̀ nípa ibùdó rẹ̀ mọ.

Obìnrin ló ń ṣọ́ géètì. Ó wọ ṣòkòtò dúdú, ó so fèrè mọ́ ọrùn, ìwé ńlá kan sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Kò kọ́kọ́ bèèrè orúkọ mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Àǹtí, ta lẹ sọ fún pé ẹ ń bọ̀ níbí lónìí?" Mo ní olóòtú wa nìkan ni, òun náà ò sì mọ ibi tó jẹ́. Ìgbà náà ló tó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára géètì. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ọkọ ti gbà wá síbẹ̀. Ẹnì kan pe ara rẹ̀ ní pásítọ̀, ẹnì kan ní òun wá tún ẹ̀rọ omi ṣe, ẹnì kan sì gbé ìyá rẹ̀ wá kí ìyá náà máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà. "Ti ìyá yẹn ló ṣòro jù," ó ní. "Ẹ ò lè lé ìyá àgbà. Mo fún wọn ní àga, mo fún wọn ní omi, mi ò ṣílẹ̀kùn."

Yàrá àkọ́kọ́ lẹ́yìn pálọ̀ ni wọ́n ń gba ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìgò omi, àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n to nǹkan sí láti òkè dé ìsàlẹ̀: sílípáàsì tuntun, ìró, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, páàdì nǹkan oṣù, pátá ọmọdé, ìtẹ́dìí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá sá jáde lóru kì í di ẹrù. Obìnrin kan tó wà nínú ilé náà báyìí, ọmọ mẹ́ta ló kó wá, bàtà ẹsẹ̀ kan ló sì wọ̀ dé. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù náà pé ẹni tó bá nílò nǹkan kó mú un, kó má wulẹ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá tó ń bójú tó ilé náà. Mọ́mì ni gbogbo ilé ń pè é. Ó sọ fún mi pé lóru àkọ́kọ́, ìbéèrè mẹ́ta péré ni òun máa ń bi èèyàn. Ṣé ibì kan ń dùn yín? Ta lẹ fi sílẹ̀ nílé tí ọkàn yín ò balẹ̀ nípa rẹ̀? Kí lẹ fẹ́ jẹ?

"Ìkẹta yẹn ló máa ń ká wọn lára jù," Mọ́mì ní. "Wọ́n á ní, 'Ohunkóhun tí ẹ bá ní, mà.' Mi ò kì í gbà. Mo máa ń ní ẹ̀bà wà, ìrẹsì wà, búrẹ́dì àti ẹyin wà, ẹ mú ọ̀kan. Ẹlòmíì á wò mí títí, omi á bọ́ lójú ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ohun tó fẹ́."

Mo rò pé ìdí oúnjẹ alẹ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ilé náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìròyìn lórí irú ilé báyìí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ géètì àti kọ́kọ́rọ́ ló kún inú wọn, àfi bí ẹni pé tí a bá ṣáà ti ti ọkọ mọ́ta, iṣẹ́ ti parí. Géètì ṣe pàtàkì, nítorí ẹ̀mí ló ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọkọ yẹn ti gbà lọ́wọ́ obìnrin náà tí géètì ò lè gbà padà fún un: ẹnu láti sọ pé èyí ni mo fẹ́, èyí ni mi ò fẹ́, kí ilé má sì dàrú. Gbogbo yàrá tí mo wọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n ń wá padà níbẹ̀ nìyẹn.

Láyé àtijọ́, ilé bàbá ni obìnrin Yorùbá máa ń sá sí. Bí ọkọ bá na ìyàwó kọjá ààlà, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò padà sí agboolé tí wọ́n ti bí i, ọkọ yóò sì kó àwọn àgbà sẹ́yìn wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ààbò ọ̀hún kò pé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá ọmọ wọn padà, wọ́n á ní kó fara dà á nítorí ọmọ, nítorí wọn ò fẹ́ kí ará àdúgbò máa pè é ní dálémoṣú. Síbẹ̀, ẹnì kan wà tí ọkọ máa jẹ́jọ́ níwájú rẹ̀. Nínú yàrá kan ṣoṣo ní Agége tàbí Ajégúnlẹ̀, nígbà tí agboolé wà ní Ìlá tí owó ọkọ̀ ò sì sí, níwájú ta ni ọkọ yẹn máa jẹ́jọ́? Aládùúgbò á gbọ́ ariwo, á yí rédíò sókè. Obìnrin náà á dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó wà ní káńtà á ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé.

Ní 1999, Josephine Effah-Chukwuma dá àjọ Project Alert sílẹ̀ ní Èkó. Ní 2001, àjọ náà ṣí Sophia's Place, ilé ààbò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin tí ọkọ ń lù. Ẹ ronú sí i: a ti gba òmìnira fún 40 ọdún ó lé kí irú ilé kan ṣoṣo tó wà. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iye èèyàn àti ìlera, ti ọdún 2018, fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó ti wọlé ọkọ rí, 36 ni ọkọ ti hùwà ipá sí, yálà ó lù wọ́n, ó fipá bá wọn lò, tàbí ó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìdẹ́rùbà pa wọ́n lára. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fipá bá lò, ó lé ní ìdajì wọn ni kò wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Àwọn tó dé inú ilé tí mo ń sọ yìí, díẹ̀ lára àwọn díẹ̀ ni wọ́n.

Nígbà tí mo dé kíṣìnì, ìjà ń lọ lọ́wọ́. Obìnrin kan ti bu epo pupa ẹnìkejì rẹ̀ se ẹ̀fọ́, kò sì sọ fún un. Ẹni tó ni epo gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń fi ìka hàn wá ibi tó wà lánàá àti ibi tó kù sí. Ohùn rẹ̀ ga débi tí àwọn ọmọdé fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé Mọ́mì máa dá sí i, ṣùgbọ́n ó kàn fara ti ògiri, ó káwọ́ gbera. Àwọn obìnrin yòókù ló parí rẹ̀: kí ẹni tó bu epo ra òmíràn dípò rẹ̀ bí owó aṣọ tó ń rán bá wọlé, àti pé láti òní lọ, kí oníkálùkù kọ orúkọ sára ìgò. Ẹnì kan mú bírò wá lójú ẹsẹ̀.

A jáde, Mọ́mì fa ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tó ń pariwo yẹn, kò sọ gbólóhùn kan láti ìgbà tó ti dé. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á bo orí. Ìjà epo yẹn dára fún wa. Ó bínú, ó sọ ọ́ jáde, ẹnikẹ́ni ò nà án."

Ìpàdé máa ń wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn obìnrin náà ló sì ń darí rẹ̀. Àwọn ló ń pín iṣẹ́ ilé, àwọn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á tan ẹ̀rọ amúnáwá àti ìgbà tí wọ́n á pa á. Òfin mẹ́rin péré ni àjọ tó ni ilé fi lélẹ̀ tí ìpàdé ò lè yí padà: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ilé wà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ na ọmọ, kò sí ọtí, tí èèyàn bá sì fẹ́ jáde, kó kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Òfin nípa ọmọ yẹn ló ń fa àríyànjiyàn jù. Ìyá tí wọ́n ti ń nà fún ọdún gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá sí ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò ní i lọ́kàn láti pa á lára. Wọ́n ń kọ́ ara wọn.

Yàrá àwọn ọmọdé wà lápá ẹ̀yìn, níbi tí ariwo ọ̀nà ò ti dé. Mo rí i pé wọ́n di àkísà mọ́ etí ilẹ̀kùn yàrá náà, láti òkè títí dé ibi tí ọwọ́ ń gbá mú. Olùkọ́ wọn ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Tí ilẹ̀kùn bá ti dún gbàgà, á dìde, á lọ dúró síwájú àbúrò rẹ̀ obìnrin, á na ọwọ́ méjèèjì. Kì í sunkún, kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan á fi bá a sọ̀rọ̀ pé kò sí nǹkan. Olùkọ́ ò bá a wí, kò sì ní kó jókòó. Ó wá àkísà, ó di ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ọmọ náà ń fi páálí kọ́ ilé, ó sì ń bá ọmọ mìíràn jà lórí ẹni tó máa ni fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ le ju bí mo ṣe rò lọ. Bàbá tó ń wá ìyàwó rẹ̀ mọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Á lọ dúró síbẹ̀ lásìkò tí wọ́n bá ń jáde. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ mú ọmọ kúrò níbẹ̀, ilé ìwé tuntun á sì máa bèèrè ìwé ìfinisílẹ̀ láti ti àtijọ́. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ló máa ń lọ gba ìwé náà, tó sì máa ń bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n má sọ ibi tí ọmọ ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan á gbà, àwọn kan á ní bàbá ló ni ọmọ.

Ohun kan wà nínú ilé náà tó dùn mí, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Wọn kì í gba ọmọkùnrin tó bá ti lé ní ọdún 12. Ìdí wà fún un: obìnrin tí ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ẹ̀rù lè bà á bí ó bá bá ọ̀dọ́mọkùnrin pàdé lójú àtẹ̀gùn lóru, àwọn ọmọbìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí ọkùnrin ti fipá bá lò. Mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan jókòó tì mí tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá náà. Ọmọ yẹn ló gba igi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lóru tí wọ́n sá jáde. Òun ló là wọ́n, òun nìkan ni ilé ààbò ò gbà. Mọ́mì ò wá àwíjàre. Ó ní wọ́n ń wá owó láti kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé, tí ìyá tó ní ọmọkùnrin ńlá á lè máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á sì dá wà.

Òkè ni yàrá ìránṣọ wà. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo ibòmíràn lọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ti fìgbà kan gbé inú ilé yẹn fúnra rẹ̀, nínú yàrá kejì lápá ọ̀tún. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, ó sì ń wá kọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí gáùn ańkárá ọmọdé, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó fi aṣọ pélébé sínú, ó rán etí rẹ̀ dáadáa. Olùkọ́ yí gáùn náà síwá sẹ́yìn.

"Èló lẹ máa gbà lórí ẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Àǹtí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ańkárá, aṣọ inú, síìpù, òwú, owó iná. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,200. Olùkọ́ fi bírò tẹ ibẹ̀. "Ẹ̀yin ń gba ₦3,000. Ta ló máa san ₦1,200 tó kù?"

Obìnrin náà wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. "Èmi ni."

"Owó ọwọ́ yín ńkọ́? Ọjọ́ kan gbáko lẹ fi rán an."

"Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ̀rún kan sí i."

"Ọjọ́ kan gbáko, ẹgbẹ̀rún kan? Ẹ tún un rò."

Wọ́n tún un rò títí wọ́n fi dé ₦8,000. Obìnrin náà kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó kọ ₦6,500, ó wo ojú olùkọ́, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀, ó tún pa ìyẹn náà rẹ́, ó sì kọ ₦8,000 padà. Olùkọ́ ní kó pe iye náà sókè bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní, ohùn rẹ̀ ò jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i. "Ẹ yọ ẹ jọ̀ọ́ yẹn kúrò," olùkọ́ ní. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pè é.

Nígbà tó kù wá méjì, olùkọ́ sọ fún mi pé obìnrin yẹn mọ ìránṣọ kó tó dé ibẹ̀, ó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ó gba fírídọ̀mù. "Ẹni tí wọ́n ti ń sọ fún lójoojúmọ́ pé kò wúlò, kò ní lẹ́nu láti pe owó fún oníbàárà. Àwọn èèyàn á máa ná an títí, á ní kí wọ́n mú un lọ. Tí mo bá kọ́ ọ ní sítáì tuntun mẹ́wàá tí mi ò kọ́ ọ ní èyí, ebi á dá a padà sọ́dọ̀ ọkọ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi nígbà tí wọ́n ṣí sítọ́ọ̀ hàn mí. Ẹ̀rọ ìlọta wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìgbẹrun onídìrì, ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọn ò tíì tú nínú páálí, àwòrán olóṣèlú tàbí orúkọ ẹgbẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kan sì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀mpáwámẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn wá: wọ́n pa kánópì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Àwọn tó fún wọn ní ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe dáadáa, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó fún èèyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta tí ẹni tó ni ín ò ní ilé tó máa gbé e sí, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní owó epo bẹntiróòlù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹrù ni fún un. Mọ́mì ní ẹnì kan ta tirẹ̀ kí oṣù tó parí, ó fi owó rẹ̀ san gbèsè oúnjẹ ọmọ. Bí wọ́n bá bi òun, ó ní, òun á ní kí wọ́n dín ẹ̀rọ kù, kí wọ́n san owó ilé ọdún kan fún obìnrin kọ̀ọ̀kan.

Yàrá amòfin kò tóbi ju bàlùwẹ̀ lọ. Agbẹjọ́rò tó ń wá síbẹ̀ kì í gba owó. Ó sọ fún mi pé òfin wà ní Èkó, kò sì sí àwíjàre fún ẹni tó bá ní kò sí. Òfin ìpínlẹ̀ náà lórí ìwà ipá inú ilé ti wà láti 2007, kò sì fi mọ sórí lílù: fífi ebi pa èèyàn wà níbẹ̀, fífi owó fìyà jẹni wà níbẹ̀, ṣíṣọ́ni kiri, dída ásíìdì síni lára, bíba ẹrù ẹni jẹ́. Ilé ẹjọ́ lè fún obìnrin ní ìwé àṣẹ tó máa ní kí ọkọ má sún mọ́ ọn mọ́. Ní 2014, ìjọba Èkó dá ikọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ó sì sọ ọ́ di àjọ olófin ní 2021. Òfin ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2015, Àbújá ló sì kọ́kọ́ múlẹ̀ sí, kí àwọn ìpínlẹ̀ tó máa sọ ọ́ di tiwọn níkọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ẹjọ́ ni iṣẹ́ tó ń gba àkókò rẹ̀ jù. Báǹkì ni. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí BVN obìnrin tó sá wá lè jẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Tí ó bá gba ₦500 jáde, ọkọ ló máa rí áláàtì, á sì mọ̀ pé ìyàwó òun ṣì wà láyé, pé owó ń wọlé fún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ búra nílé ẹjọ́, kí wọ́n gba ìwé àfidáfíìtì, kí wọ́n ra síìmù tuntun, kí wọ́n tó lọ yí nọ́ńbà náà padà ní báǹkì. Tí ìwé NIN rẹ̀ bá wà nílé ọkọ, wọ́n á kọ́kọ́ lọ wá ìyẹn. Agbẹjọ́rò náà fi fọ́ọ̀mù kan hàn mí, kò jẹ́ kí n rí orúkọ. Níbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, obìnrin tó ni fọ́ọ̀mù náà ti kọ́kọ́ kọ orúkọ ọkọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń kọ ọ́. Ó wá fa ìlà gbọọrọ sí i, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sókè rẹ̀.

Àwọn kan ń padà sílé ọkọ. Mo bèèrè, wọn ò fi pamọ́ fún mi. Ìyá ọkọ á pe ìyá ìyàwó, pásítọ̀ tàbí àáfà á dá sí i, ọkọ á sunkún lórí fóònù, owó ilé ìwé ọmọ á dé, obìnrin náà á di ẹrù rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń padà sí lè pa èèyàn: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Osinachi Nwachukwu, olórin ìyìn tí ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri mọ ohùn rẹ̀, kú ní Àbújá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga níbẹ̀ dájọ́ ikú fún ọkọ rẹ̀ lórí ikú náà. Obìnrin kan nínú ilé ààbò yìí sọ fún mi pé lẹ́yìn ikú Osinachi ni pásítọ̀ òun yí ohùn padà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ní kó gbàdúrà sí i, kó tẹrí ba. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó dúró lórí pẹpẹ, ó ní ẹni tí wọ́n bá ń lù, kó kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ilé yẹn ná. "Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ́wọ́ jáde," ó ní. Mo fẹ́ kí àwọn olórí ẹ̀sìn tó ń ka èyí mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ti wúwo tó lọ́rùn obìnrin tó jókòó sí àga ẹ̀yìn.

Tí obìnrin bá ní òun máa padà, ilé náà ò dá a dúró, wọn ò sì bú u. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe nìyẹn. Àlàyé òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ló yí mi lọ́kàn padà: "Ọkọ ẹ̀ ti ń pàṣẹ fún un tẹ́lẹ̀. Tí àwa náà bá ń pàṣẹ fún un, kí ló yàtọ̀? Tí a bá sì dójú tì í, tí nǹkan bá tún le, kò ní padà wá." Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á jọ ṣètò. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán. Owó ọkọ̀ á wà ní ibi tí ọkọ ò ní wò. Aládùúgbò kan á mọ̀ pé bí ọmọ bá wá yá asẹ́ lọ́wọ́ òun lóru, kí òun pe nọ́ńbà kan láìbéèrè nǹkankan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ fi ọkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni ewu máa ń pọ̀ jù, nítorí náà wọn kì í kánjú tì í jáde, wọn kì í sì í kánjú tì í wọlé.

Oṣù mẹ́ta ni èèyàn ń gbé inú ilé náà, wọ́n sì lè fi mẹ́ta kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú Èkó ló kù. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ti ń kọsẹ̀. Obìnrin tó ti lè pe ₦8,000 fún oníbàárà, tó ti ní àkáǹtì tirẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ti padà sílé ìwé, yóò lọ wá yàrá kan, wọ́n á sì bi í pé, "Ọkọ yín dà?" Òfin ilé yíyá ti Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé onílé ò gbọ́dọ̀ gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Wọ́n ṣì ń bèèrè ọdún méjì, wọ́n á fi owó àgẹ́ǹtì lé e, owó àgírímẹ́ǹtì, owó ohun tó bá bàjẹ́. Èyí tó sì burú ju owó lọ ni onílé tó ní òun ò fẹ́ ìyá àdáwà nínú ọgbà òun, pé wọ́n á máa kó ọkùnrin wá. Irú onílé bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ran ọkọ tó ń luni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ fún un.

Kí n tó kúrò, mo bá olùkọ́ aránṣọ àti obìnrin tó rán gáùn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n jọ jókòó, fóònù wà láàárín wọn. Olùkọ́ yìí ló ń bá àwọn tó ń jáde lọ wá ilé. Òun ló máa ń ṣe oníduùró fún wọn, ó sì máa ń mú ìwé owó orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dání. Àgẹ́ǹtì kan wà lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń jáde síta.

"Ṣé ọkọ wọn á lè wá bá lándílọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀?"

Olùkọ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n obìnrin kejì ti mú fóònù náà. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mo fẹ́ gba yàrá náà. Aránṣọ ni mí, ọmọ méjì ni mo ní. Ó máa dáa kí iná wà níbẹ̀ nítorí ẹ̀rọ mi. Owó ọdún kan ni mo máa san, bí òfin ṣe wí. Mo ní oníduùró."

Àgẹ́ǹtì náà ní kó dúró díẹ̀. A ń gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó padà sórí fóònù, ó ní lándílọ́ọ̀dù fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà máa ń pariwo lóru.

"Mi ò kì í rán aṣọ lóru, sà."

Ó ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé, láàárọ̀, kí oníduùró náà bá wọn wá. Obìnrin náà dúpẹ́, ó pa fóònù, ó sì bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá ó máa ráyè lọ́jọ́ yẹn.